Ó Pe Orúkọ Bàbá Mi Mọ́ Eégún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, Táyọ̀, ń ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá bẹ bàbá mi, gbogbo ilé sì ń wojú mi. N kò mọ èsì tí n ó fún un.

Ilé eégún ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Òmù-Àrán níbí. Ilé ìjọ ni wọ́n bí Táyọ̀ sí, tíṣà ni bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Ìyá mi kì í rokà kó má bu tirẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tá a wọ sẹ́kọ́ńdírì ni nǹkan dojú rú. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà ilé ìwé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, “Ọmọ ìjọ tó ń jẹ ẹran eégún.” Wọn ò jẹ́ kó bá wọn jókòó mọ́. Nígbà tó yá, bó bá rí mi lọ́nà, á yà bàrá. Mo ní kò burú, ogún ọmọdé kì í kúkú ṣeré gba ogún ọdún.

Àfi ọjọ́ ọdún eégún. Àwọn ọmọ yẹn kó ara wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ní bí Táyọ̀ kì í bá ṣe ọmọ abọ̀rìṣà, kó fi hàn. Bí eégún ilé wa ṣe ń kọjá, ó húkọ́. Táyọ̀ mọ ikọ́ yẹn, ó ti gbọ́ ọ lórí ẹní wa láìmọye ìgbà. Ló bá pariwo orúkọ bàbá mi.

Ará ọ̀run ni eégún. Ta ló ń dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ? Àwọn àgbà ò bi Táyọ̀ ní nǹkan kan, wọ́n ní ọmọ ìjọ ni. Èmi ni wọ́n pè, pé èmi ni mo tú àṣírí. Mo búra títí, wọn ò gbà. Wọ́n gba ẹ̀kú lọ́wọ́ bàbá mi, kò sì gbé eégún mọ́. Bàbá alára bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, “Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún un?” Ìyẹn ló dùn mí jù.

Táyọ̀ ti di pásítọ̀ ní Ìgbàjà báyìí. Ó ní ọmọdé ló ń ṣe àwọn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bàbá ti darúgbó, ó ní kó máa bọ̀, òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n bí Táyọ̀ bá dọ̀bálẹ̀ tán, ṣé yóò sọ pé èmi kọ́ ni mo sọ fún òun? Ohun tí mo fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ nìyẹn, ojú sì ń tì mí láti tọrọ rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ ni, àbí kí n dákẹ́, kí bàbá mi kú láìmọ̀ pé n kò dà á?