Ẹ̀bẹ̀ ló ti bàbá mi mọ́lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí ó ti ju agbára mi lọ. Ọmọ mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ti kó ẹrù rẹ̀ dé láti Pọ́bẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń gbé níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní mo bú òun lójú ẹbí. Èmi kò bú u o! Ohun tí mo sọ kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa ráyè kàwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀, kí n ní, "Ẹ má bínú," ọ̀rọ̀ tán, ọmọ á padà. Ọkọ mi ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Mo ní n kò jẹ̀bi. Ó ní, "Ta ló bi ọ́ bóyá o jẹ̀bi?" Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bí mo bá ṣàlàyé ohun tó fà á, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga.

Bàbá mi ni. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń pa mí. Ẹ̀yìn ìlú Ìdígní ni oko wa wà, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni à ń gbìn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bẹ̀ bí bàbá mi ní gbogbo àgbègbè náà. Bó bá tẹ adìyẹ mọ́lẹ̀, á ní, "Má bínú, ìyá." Bó bá fẹsẹ̀ kọ kùkùté, á bẹ kùkùté. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọ oko wa, ó jẹ ẹ̀gẹ́ wa, bàbá mi ló lọ bá ẹni tó ni ewúrẹ́ pé kó má bínú, bóyá ẹ̀gẹ́ náà korò! Ìyá mi á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì bẹ ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa ṣe rí. Ní òwúrọ̀, á sun iṣu fún mi, á sìn mí dé oríta, èmi á sì gba ọ̀nà ilé ìwé lọ pẹ̀lú síléètì mi lábẹ́ apá. Ilé ayé dùn nígbà náà, ẹ̀yin èèyàn!

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn, Dàhòmì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa. A rò pé bí òyìnbó ti lọ, àwa náà ti di ọmọ onílé. Àṣé onílé wà, ọmọ onílé wà. Àwọn kan gé ìrókò nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó dé, bàbá mi ni wọ́n bá nítòsí pẹ̀lú àáké. Àáké tó fi ń la igi ìdáná! Bó bá fi odindi ọdún gé ìrókò pẹ̀lú rẹ̀, èèpo ni ì bá ṣì máa bó. Wọ́n mú un lọ.

Ìlú tí wọ́n ti dá ẹjọ́ náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi àti ìyá mi lọ. Àwọn àgbẹ̀ Nàgó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló kún kóòtù bí ẹni wá sọ́jà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó jókòó níwájú, kò sí ẹni kan tó gbọ́ èdè wa dáadáa. Faransé ni adájọ́ ń sọ. Bí ẹjọ́ bá kan ọmọ Fọ̀n tàbí ọmọ Gùn, adájọ́ fúnra rẹ̀ á ti gbọ́ ọ kí ògbufọ̀ tó lanu. Bó bá kan Nàgó, àfi kí a máa wo ẹnu ògbufọ̀, ọmọ Gùn kan, ẹni jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé inú ọjà ló ti kọ́ Nàgó tirẹ̀. Adájọ́ bèèrè bóyá bàbá mi ló gé igi. Bàbá mi ṣe ohun tó máa ń ṣe níwájú àgbà gbogbo. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ dákun, ẹ fojú àánú wò mí. Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí..." Kò tíì dé ibi tó rí báyìí tí ògbufọ̀ fi sọ fún adájọ́ pé ó ń tọrọ pàdọ́ọ̀nù. Pàdọ́ọ̀nù! Ní ilé ìwé tiwa, ẹni tó bá ṣẹ̀ tó ń tọrọ ìdáríjì ló ń sọ ọ́. Adájọ́ mú kálàmù, ó ń kọ̀wé.

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo fi Faransé sọ ọ́: "Rárá, Músíè! Kò tíì rojọ́, ó ń kí yín ni!" Adájọ́ gbójú sókè, ó wò mí, inú mi sì dùn, mo ní ìwé ti ṣiṣẹ́. Bàbá mi bá yíjú sí mi, ojú tì í gan-an. "Pa ẹnu mọ́! Ta ló ní kí o dá sí ọ̀rọ̀ àgbà?" Ó tún dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú sí i, bàbá, ọmọdé ni." Ògbufọ̀ ní, "Ó tún ń tọrọ pàdọ́ọ̀nù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tì mí jáde. Nígbà tí ìyá mi jáde bá mi, ẹkún ló ń sun. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ bàbá mi sí.

Èmi àti ìyá mi la ro oko lọ́dún yẹn, olùkọ́ wa sì pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé kíláàsì. Ará etí òkun ni, Músíè, ìyẹn ọ̀gá, là ń pe òun náà. Ó máa ń sọ pé orí ọmọ Nàgó, fún ọkọ́ ni wọ́n dá a. Nígbà tí bàbá mi dé, ó rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe rírù ló dùn mí. Ó tẹ adìyẹ mọ́lẹ̀, ó kọjá lọ. Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ bá Músíè pẹ̀lú fìlà lórí. Músíè ní kíláàsì ti kún, ṣùgbọ́n bí ó bá lè bẹ òun dáadáa, òun á wá àyè. Mo ń sọ nínú mi pé, Bàbá, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n bẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Bàbá mi wò ó lójú. Ó ní, "N kò ṣẹ̀ ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, a lọ sílé. Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi pé nínú ilé òun, ẹni tí kò bá ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀ mọ́. Bí ìwé mi ṣe tán nìyẹn, mo sì pa òfin náà mọ́ títí mo fi di ìyàwó ilé.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ ilé ọkọ, ó pè mí sí ẹ̀yìn àká àgbàdo. Ó dúró, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú." Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe?" Ó ní, "Ọjọ́ yẹn, níwájú Músíè. Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́." Háà! Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń pòùngbẹ láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà èwe mi! Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè mí níta.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, èwo nínú bàbá mi méjèèjì ni kí n tẹ̀ lé? Ọ̀kan ní n kò gbọdọ̀ bẹ̀, èkejì ní ó yẹ kí òun bẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wọ́n á ní mo jẹ̀bi, wọ́n á sì máa fi í sọ mí títí ayé. Bí n kò bá kúnlẹ̀, èmi ni mo di Músíè tó lé ọmọ mi kúrò nílé ìwé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, nítorí ilé ìwé ti fẹ́ wọlé. Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ń ṣẹ́ àgbàdo.