Abúlé Tí Mo Kọ Sára Òdòdó

[Agogo fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

RALAIVAO: Àlóò! Ibùdókọ̀ ojú irin Ambodihasina nìyí. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

BAKOLY: Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Bakoly. Ẹ kú àárọ̀.

RALAIVAO: Bakoly! Ará olú-ìlú, ará Tananarive! Ṣé àlàáfíà? Ohùn rẹ jìnnà bíi pé inú kànga lo wà.

BAKOLY: Àlàáfíà ni. Ìyàwó wa ńkọ́? Ìrẹsì yín ńkọ́?

RALAIVAO: Ìrẹsì ti yọrí. Ìyàwó rẹ ló ń lu agogo níta yẹn, ṣé o ń gbọ́ ọ?

[Agogo ibùdókọ̀: gán, gán... gán. Gán, gán... gán.]

RALAIVAO: Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kọ́ Nivo, ó ṣì ń lù ú bí ẹni ń gún ìrẹsì. Ẹ̀ẹ̀mejì, á sinmi, ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa rò pé oúnjẹ ti délẹ̀.

NIVO [láti òkèèrè]: Mo gbọ́ o! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dìde wá lù ú!

BAKOLY: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wo ló ń lù ú fún?

RALAIVAO: Ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sétíkun. Ó ti kọjá. Jẹ́ n bi ọ́, ṣé o ti ra aṣọ sílíkì Màmá? Oṣù kẹsàn-án kò jìnnà mọ́. Tí a bá gbé egungun wọn jáde nínú sàréè láti tún wọn wé bí àṣà wa, mi ò ní fi aṣọ òwú lásán wé—

BAKOLY: Ṣé ọkọ̀ mìíràn tún ń bọ̀? Ọkọ̀ ṣọ́jà?

RALAIVAO: Ta ló sọ fún ọ?

BAKOLY: Ṣé ó ń bọ̀?

RALAIVAO: Wọ́n tẹ̀ mí láago láti òkè láìpẹ́ yìí, kí n ṣí ojú irin sílẹ̀. Mo ní ó dáa, bóyá wọ́n fẹ́ wá ṣọ́ wa. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó wà nínú igbó dáná sun afárá kan níjẹta—

BAKOLY: Wọn ò bọ̀ wá ṣọ́ yín. Wọ́n ti pa Mùsíọ̀ Delormel.

RALAIVAO: Ọ̀gá rẹ? Òyìnbó tó ń ṣa òdòdó kiri igbó?

BAKOLY: Àáké tirẹ̀ ni wọ́n fi pa á. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Wáyà ń pariwo.]

RALAIVAO: Mo gbọ́. Níbo?

BAKOLY: Sahamaitso. Agégi kan tó sá bọ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ṣe. Tó bá rí òdòdó kan lórí igi, á gé igi náà lulẹ̀. Tó bá mú èyí tó wù ú tán, á ní kí wọ́n gé ìyókù, kí òyìnbó mìíràn má baà rí ọ̀kan mú. Irinwó igi ní orí òkè kan ṣoṣo! Ogún ọdún ló fi ń ṣe é. Ní Sahamaitso, ó lọ gé èyí tó ṣíji bo sàréè àwọn baba wọn. Àwọn àgbà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní èèwọ̀ ni. Ó ní oòrùn kì í pa òkú.

RALAIVAO: Ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn?

BAKOLY: Ni wọ́n bá gba àáké. Wọ́n gé e bí igi, Ẹ̀gbọ́n. Láti ẹsẹ̀.

RALAIVAO [ó rẹ́rìn-ín]: Kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Igi ńlá wó.

BAKOLY: Ẹ má rẹ́rìn-ín! Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sáàárín pákó méjèèjì tó fi ń tẹ òdòdó gbẹ. Wọ́n fi okùn dì í bí òun gan-an ṣe máa ń dì í. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà bárékè àwọn ṣọ́jà. Ìwé pélébé nìkan ni kò sí lára rẹ̀.

RALAIVAO: Ìwé wo?

BAKOLY: Èyí tí mo máa ń kọ! Orúkọ òdòdó, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti ṣa á. Ojoojúmọ́ ló máa ń sọ ọ́: ewé tí kò ní ìwé lára, koríko ni. Àwọn ṣọ́jà náà fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ti wá. Ọ̀gá wọn wá síbí láàárọ̀ yìí, ó tú àpótí tí Mùsíọ̀ fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, ó ń ka ìwé ara òdòdó.

RALAIVAO: Ó sì rí Sahamaitso níbẹ̀.

BAKOLY: Rárá.

RALAIVAO: Kí ló wá rí?

BAKOLY: Ambodihasina.



RALAIVAO: Tún un sọ.

BAKOLY: Ambodihasina. Ọgọ́ta òdòdó, gbogbo wọn.

RALAIVAO: Ọkùnrin yẹn kò tẹ ibí rí! Òdòdó wo ló wà ní Ambodihasina? Ìrẹsì àti eṣú ló wà níbí!

BAKOLY: Irọ́ ni. Irọ́ ló máa ń ní kí n kọ, kí àwọn òyìnbó tó ń bá a figagbága lè ṣìnà. Ó ní, "Bakoly, kọ ibi tó bá ṣáà wù ọ́."

RALAIVAO: Ló bá wù ọ́ láti—

BAKOLY: Ọdún mọ́kànlá, Ẹ̀gbọ́n! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sínú yàrá yìí láàárín òkú ewé. Mo ní kí orúkọ ilé wa dé Paris. Kí ẹnì kan lọ́hùn-ún ṣí àpótí, kó kà á. Ibi tí Màmá sùn sí. Mo rò pé—

RALAIVAO: O rò! Olódo! Gbogbo orúkọ tó wà láyé, èyí tó bí ọ lo kọ lé òkú òyìnbó láyà!

BAKOLY: Ẹ bú mi lọ́la. Lónìí, ẹ kó àwọn ará abúlé jáde. Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ mi jáde lọ mu sìgá, mi ò ní àkókò. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

RALAIVAO: Sáré tọ ọ̀gá wọn lọ! Sọ òótọ́ fún un!

BAKOLY: Mo ti sọ ọ́.

RALAIVAO: Kí ló wí?

BAKOLY: Mo ní Sahamaitso ni. Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti bí ìwọ?" Mo dá a lóhùn. Ó gbá mi létí. Ó ní ìwé òkú kò lè parọ́, ọmọ abúlé ló ń parọ́. Ó wá mú gègé, ó kọ Sahamaitso sábẹ́ Ambodihasina.

RALAIVAO: Sábẹ́—

BAKOLY: Ambodihasina lónìí. Sahamaitso lọ́la. Èmi ni mo fi ẹnu mi fi ìkejì kún un.

[Fèrè ọkọ̀ ojú irin, lókèèrè.]

RALAIVAO: Ọkọ̀ wọn ti jáde nínú ihò abẹ́ òkè. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

BAKOLY: Ẹ sáré gòkè lọ bá àwọn ará ilé lábúlé!

RALAIVAO: Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo? Ìrìn wákàtí kan ni. Agogo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó bá ń dún láìdáwọ́dúró, ìjì ń bọ̀ nìyẹn, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Wọ́n á sá lọ sí ihò àpáta. Ṣé o rántí? Màmá máa ń so ọ́ mọ́ mi lẹ́yìn, ìwọ á máa rẹ́rìn-ín nínú òjò.

BAKOLY: Mo rántí.

RALAIVAO: Nivo! Gbé àsíá pupa lọ sórí afárá! Rì í mọ́ àárín ojú irin, kí o sá padà!

NIVO [láti òkèèrè]: Kí ló ṣẹlẹ̀?

RALAIVAO: Lọ ná! Ọkọ̀ á dúró, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn wá.

BAKOLY: Láti orí afárá, wọ́n á rí ẹni tó ń lu agogo. Wọ́n á yìnbọn.

RALAIVAO: Bakoly, aṣọ sílíkì yẹn. Ra méjì. Ṣé o gbọ́ mi?

BAKOLY: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́—

RALAIVAO: Méjì, ọmọ Màmá.

[Fóònù bọ́, ó ń gbá ògiri. Agogo bẹ̀rẹ̀: gán-gán-gán-gán, láìsinmi. Fèrè. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń han bó ṣe ń dúró. Ẹnì kan ń pariwo ní èdè Faransé.]

BAKOLY: Ẹ lù ú. Ẹ lù ú.

[Ìbọn. Ìbọn méjì sí i. Agogo dákẹ́.]

BAKOLY: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n!

[Afẹ́fẹ́. Obìnrin kan ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.]

BAKOLY: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Gán, gán... gán. Gán, gán... gán.]

BAKOLY: Nivo! Nivo, gún un! Má sinmi, ìyàwó wa, gún—

[Ìbọn. Gán, gán... Ìlà já.]