Àláàmù Tó Ń Ké Mọ́ Ìyá Nìkan

Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi, èmi Moróunkẹ́ ni, ìyàwó yín tó wà ní Kàdúná. Bàbá, baálé agbo ilé wa, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì yìí yí dé ìparí. Mo gbọ́ pé lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi, pé kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde nílé nítorí oyún Bilqees, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó bàjẹ́. Ẹ má ṣe é. Ìyá kì í ṣe àjẹ́. Èmi ni mo bí irọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi níbí ló ti rìn wá bá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi náà ni mo sì máa pa á lónìí.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì ní 1996, Ìyá wá bá wa wẹ ọmọ. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lọ mọ́. Ọbẹ̀ tí mo bá sè, Ìyá á tún un sè. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná, etí ìró wọn ló ń gbé. Èyí tó wá dùn mí jù, Hikmah àkọ́bí mi ń pe Ìyá ní "Mọ́mì", ó wá ń pe èmi ní "Ìyàwó", bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá. Hàjàrá tó múlé tì wá á yọjú lórí ògiri, á ní, "Amarya, ọmọ ẹ ń pè ẹ́ o." Amarya yẹn, ìyàwó náà ni, lédè Haúsá. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa ta bí ata.

Ìgbà yẹn ni olè wọ ilé Hàjàrá. Ni bàbá Hikmah, ọkọ mi, bá ra àpótí àláàmù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kúrò ní Kákúrí, ní Kàdúná níbí, padà sílùú ẹ̀. Ẹ ò rí irú ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní àwọn ojú kéékèèké tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Bí èèyàn bá kọjá níwájú wọn, àpótí á mọ̀, á tanná, tàbí kí ó figbe ta bí ọkọ̀ panápaná. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé e tí NEPA bá mú iná lọ. Fọlábí oníná ló so gbogbo ẹ̀ fún wa. Ojú tó wà lẹ́yìn ilé, ó so ó mọ́ iná àti igbe. Èyí tó kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ omi, iná nìkan ló so ó mọ́, kí ẹni tó fẹ́ ṣàlùwàlá lè ríran. Ìyá ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ò ní tán láyé ẹ̀.

Mo pe Fọlábí sí kọ̀rọ̀. Mo ní kó bá mi fi súìsì kékeré kan sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi, pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ojú ibi omi náà máa pe igbe. Ó ní, "Aǹtí, igbe níbi omi? Ṣé olè tiyín máa ń ṣàlùwàlá kó tó jalè ni?" Mo ní tí ọkọ mi bá rìnrìn àjò, ẹ̀rù máa ń bà mí. Àánú mi ṣe é, ó so ó. Kò mọ nǹkan kan, ẹ má bá a wí.

Bí Ìyá bá ti jí fún àsùbáà, mo máa ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn wọn. Màá tẹ súìsì. Wọ́n á dé ìdí omi, iná á là yàà, àpótí á figbe ta, gbogbo ilé á tú síta. Kí wọ́n tó débẹ̀, mo ti pa súìsì mi. Bàbá Hikmah á rìn kọjá níbẹ̀: iná nìkan. Hikmah kọjá: iná nìkan. Hàjàrá náà wá dán an wò: iná nìkan. Ó tún di ọjọ́ kejì, Ìyá dé ibẹ̀, igbe. Hàjàrá ní, "Wallahi, ẹ̀rọ yìí mọ nǹkan kan." Ìyá dúró nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, omi ń kán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bi í, kí ni mo jí?" Ẹ gbọ́ o, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì tún tẹ súìsì lọ́jọ́ kejì.

Ibi tó burú jù ni mo dé yìí. Bàbá Hikmah pè wá jókòó, ó bi mí bóyá mo mọ ìdí ẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn Ìyá. Ìyá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àwa la jọ ń gbélé, sọ fún un." Wọ́n rò pé màá gbà wọ́n sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀rọ ò mọ ìyá, kò mọ ọmọ, ohun tó bá rí ló ń ké sí. Ẹ jẹ́ kí n gba ọmọ mi." Mo dìde, mo fọwọ́ ara mi tú ọ̀já, mo gbọ́mọ kúrò lẹ́yìn wọn. Ìyá ká ọ̀já yẹn, wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní etí ìró wọn, wọ́n kó méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Ibùdókọ̀ Káwo ni wọ́n ti wọkọ̀ wálé bá yín.

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà, pé àjẹ́ ni ẹ̀rọ ń ké mọ́, máa tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ yín. Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń fi oyún Bilqees sí wọn lọ́rùn ni mo mọ̀ pé ohun tí mo dá sílẹ̀ ti fẹ́ pààyàn. Mo pe ọkọ mi lánàá, mo fi súìsì hàn án, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó rìn lọ síbi omi. Àpótí figbe ta mọ́ òun náà. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì yìí bọ̀. Ẹ bi í.

Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké tó wà nínú agbo ilé, tí ìyá ọkọ bá ń ni yín lára, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ tiẹ̀ bínú. Ẹ má rán ohun tí kò lẹ́mìí níṣẹ́ burúkú, torí èèyàn máa ń gbà á gbọ́ ju èèyàn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, mo gbà, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Ìyá ò ní jáde nínú ilé yẹn. Ẹ pè wọ́n jáde sáàárín yín, ẹ fún wọn níjòókòó. Ìyá mi, mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ foríjì mí. Tí mo bá dákẹ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ṣáájú Ìyá.