Ọwọ́ Mi Gbọ̀n, Ọwọ́ Kòfí Kò Gbọ̀n

Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ inú ilé rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Olùṣọ́-àgùntàn, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tí ẹ ti ń gbé Treichville ní Abidjan yìí kí wọ́n tó bí mi, mo kí gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo Halelúyà. Mo mọ̀ pé ó ti wà létè yín. Ẹ gbà mí láyè kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ pariwo lé lórí.

Kí ọjọ́ òní tó pé, àwọn tó ń ṣètò ìdúpẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe yọ mí lọ́wọ́ àwọn oníbọn, kí n sì fi ọ̀rọ̀ Kòfí sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ parí sí ayọ̀, àti nítorí pé Kòfí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Mo gbọ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹ̀rí tí a bá yọ òkodoro kúrò nínú rẹ̀, irọ́ tí a wọ̀ láṣọ funfun ni. Bí n kò bá lè dárúkọ ọkùnrin náà níwájú pẹpẹ yìí, a jẹ́ pé n kò ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́, ẹ jẹ́ kí n padà lọ jókòó.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, tàbí kí n wí pé ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bédé ni mò ń yà: ìtàn tí a fi àwòrán sọ, àpótí kan tẹ̀ lé èkejì, tí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wà lókè orí wọn. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì ní Cocody, bàbá mi, tó fi èjìká ru àpò kòkó ní Port, èbúté ọkọ̀ òkun wa, kí n lè kàwé, béèrè iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Mo sọ fún un. Ó wò mí títí. "Ìwọ Ṣadé, a rán ọ lọ kọ́ Faransé, o lọ kọ́ ọmọlangidi." Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ibí, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ wí pé ère ni mò ń yà, pé òfin lòdì sí i. Ẹnikẹ́ni kò rántí òfin náà nígbà tí ìjọ ń wá ẹni tí yóò ya áńgẹ́lì lọ́fẹ̀ẹ́ sára ògiri yàrá àwọn ọmọdé.

Ẹ ní sùúrù kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí pé inú rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ wà. Ènìyàn méjì ló sábà máa ń ṣe ojú-ìwé kan. Ẹnì kan á fi pẹ́ńsù ya gbogbo rẹ̀: ilé, ojú, ẹsẹ̀ tó ń sáré, òpópónà tó ń tínrín lọ sí ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ẹnì kejì á mú kálámù onírin àti búrọ́ọ̀ṣì, á fi tàdáwà tẹ̀ lé ìlà wọ̀nyẹn, á yan èyí tí yóò nípọn àti èyí tí yóò tínrín bí irun. Iṣẹ́ Kòfí nìyẹn. Bí tàdáwà bá ti gbẹ, a ó fi rọ́bà pa gbogbo pẹ́ńsù rẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ yà á á pòórá. Tàdáwà nìkan ni ojú ń rí. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Bí a ti ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn, orúkọ àwa méjèèjì ni yóò sì wà lára èèpo ìwé.

Ọdún 1999, ọdún tí àwọn ológun gba ìjọba lásìkò Kérésì, ni mo pàdé Kòfí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín kan. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni, ṣùgbọ́n Treichville ni wọ́n bí i sí bíi tèmi, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. "Patronne" ló ń pè mí, ìyẹn ọ̀gá, nítorí pé mo máa ń dá ojú-ìwé padà fún un bí ìlà kan bá yẹ̀. Kì í bínú. Á gbé e súnmọ́ ojú, á ní, "Patronne, ìlà yìí kò yẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó ń sinmi."

Ní gbogbo ọdún tí ìlú yìí fi ń gbóná tó sì ń tutù, a jọ ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú láti òkè òkun ló ń bọ́ wa. Wọ́n á ní kí a ya ẹ̀fọn. Wọ́n á ní kí a ya bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Wọ́n á ní kí a ya aláìsàn, kí ó rù díẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó ní kí a ya ara wa ní odindi ènìyàn. Bédé tó ti Paris wá ni àwọn ọmọ wa sì ń kà, èyí tí ọmọ dúdú inú rẹ̀ ní ètè bíi taya, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ń rà á fún wọn ní ọjọ́ ìbí! Ó ń bí mi nínú títí di òní, n kò sì ní tọrọ àforíjì fún ìbínú náà. Òun ló mú kí èmi àti Kòfí máa ya ìwé tiwa lẹ́yìn iṣẹ́, ìtàn àwọn tó fi èjìká kọ́ Port yìí, bàbá mi àti bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí a ṣe é. Ó gbà wá ní ọdún tó pọ̀.

Ní ojú-ìwé àkọ́kọ́, mo ya Abidjan láti òkè, bí àwòdì ti í rí i: ọ̀sà, afárá méjèèjì, Port pẹ̀lú àwọn kéréènì rẹ̀, Treichville ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Àwa tó ń ya bédé fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òǹkàwé lè kọ́kọ́ mọ ibi tó dúró sí. Mo gun orí ilé gíga, mo wọn igun, n kò jẹ́ kí òrùlé kan dúró níbi tí kì í ṣe ipò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti yà, èyí ni mo fi ń yangàn jù. Kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì pé nígbà ogun, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wo ìlú tí a yà láti òkè.

Ẹ̀yin náà rí ọdún 2011 yìí, ogun tí ìbò ààrẹ dá sílẹ̀. Yàrá iṣẹ́ wa wà ní Riviera, ní òdìkejì ọ̀sà. Nígbà tí ìró àgbá sún mọ́ ibẹ̀, a pinnu láti fi ẹsẹ̀ rìn wálé ní ojú ọ̀sán gangan. Kòfí kó gbogbo ojú-ìwé sínú àpò pálí ńlá, ó fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Mo bi í bóyá kí a fi wọ́n sílẹ̀.

"Bí ilé bá jóná ńkọ́, Patronne? Ṣé ẹ̀fọn la tún fẹ́ lọ máa yà?"

Ìyẹn tó fún mi. A jáde.

Kí a tó dé ojú afárá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti fi taya àti fíríìjì ògbólógbòó dí ọ̀nà. N kò ní sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń jà fún, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbí mí èémí ìtura pé kì í ṣe àwọn tòun. Ìhà méjèèjì ló ní irú wọn. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Komandá, wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù àti sálúbàtà rọ́bà, ìbọn sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí aṣọ ìnura.

"Vieux père, kí ló wà nínú pálí yẹn?" ló bi Kòfí, bí ọmọ ìgboro ti ń pe àgbà.

"Àwòrán ni, ọ̀gá mi. Bédé."

"Bédé? Nínú gbogbo èyí? Ó dáa, ṣí i, kí àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ojú-ìwé àkọ́kọ́ ló wà lókè. Ó gbé e, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Afárá rè é. Port rè é. Àdúgbò wa rè é, ilé kọ̀ọ̀kan! Máàpù ni! Ẹ ń júwe wa fún àwọn tó ń yin àgbá!" Àwọn yòókù dìde láti orí taya. "Ta ló ya èyí?"

Mo la ẹnu. Kí ohùn mi tó jáde, Kòfí ti ní òun ni. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Tàdáwà ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. "Ẹ wo ọwọ́ mi, kí ẹ wo tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin Ànàgó yìí, kò mọ nǹkan kan. Aṣọ ló ń tà. Ọ̀nà ló pa wá pọ̀."

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Èmi ni mo yà á."

"Tàǹtí, pa ẹnu rẹ dé!" Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò jágbe mọ́ mi rí. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ̀yin ẹ má dá a lóhùn. Bí àwọn Ànàgó ṣe rí nìyẹn, kò sí ohun tí wọn kì í pè ní tiwọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an, wọ́n á ní àwọn ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Komandá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó wo Kòfí, ó yọ bírò kan lápò, ó sì yí ojú-ìwé mi dà sí ẹ̀yìn lórí fíríìjì náà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ya ojú mi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yà ni yóò bá wa lọ. Èkejì á máa relé."

Kòfí ló kọ́kọ́ mú bírò. Kòfí yìí ló máa ń sọ pé òun kò lè ju kí òun tẹ̀ lé ìlà ẹlòmíràn lọ. Kò pẹ́ rárá. Ojú náà yọ, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ìgbéraga inú ojú náà yọ, àti ẹ̀rù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà fò sókè: "Yéè! Komandá, ìwọ gan-an nìyí!" Láti ìgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwòrán yẹn ni mo kọ́kọ́ rí tó yà láìsí ìlà tèmi lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ibí ni àdúrà wà. Mo gbàdúrà. N kò ní kí Ọlọ́run gbà mí. Mo ní, "Olúwa, mú ọwọ́ mi dúró. Jẹ́ kí n yà á débi tí wọn yóò fi mọ ẹni tó ni ìlú inú ìwé yìí." Ẹ mọ ọwọ́ mi. Ó ń fa ìlà gbọọrọ láìlo rúlà. Bí mo ti fi bírò kan ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo fi ọwọ́ òsì dì í mú. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Ohun tí mo yà, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á tijú rẹ̀: imú yà sí ẹ̀bá etí, ojú kan tóbi ju èkejì lọ, àgbọ̀n kò sí rárá.

Komandá wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín níkẹyìn. "Tàǹtí, ṣé èmi lo yà ni àbí iṣu? Máa lọ ta aṣọ rẹ!"

Wọ́n tì mí kọjá. Mo ké pé irọ́ ni, pé èmi ni. Wọ́n túbọ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìwé náà han ara wọn. Kòfí kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó mọ̀ pé bí òun bá wò mí, wọn yóò rí i lójú òun pé a mọra.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, a ti dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, a ti dé ibi tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí, a ti ṣí aṣọ lójú àwọn tí kì í ṣe tiwa. Ìyá náà ń da omi díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò tàdáwà ọmọ rẹ̀ kó má baà gbẹ.

Nísinsìnyí, ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn onígbàgbọ́ sọ fún mi. Wọ́n ní Ọlọ́run da ọ̀tá rú. Ọ̀tá kò dàrú. Kòfí ló dúró níwájú ọ̀tá, ló fi ẹnu ara rẹ̀ tàn wọ́n jẹ. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ àwọn tirẹ̀, pé Kòfí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ Ọlọ́run di ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sórí taya, tó ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ kó tó jẹ́ kí ènìyàn kọjá. Èmi kò sin irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀yin bá ń sìn ín, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà lẹ́nu mi kò dúró síbẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run ló mi ọwọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì ó ti dúró, ó ń fa ìlà bó ti ń fà á tẹ́lẹ̀, kò sì gbọ̀n mọ́ láti ìgbà náà. Òdìkejì ohun tí mo tọrọ ni ó fi fún mi. Àdúrà tí a kò gbà ló gbé mi dúró níwájú yín. Ìyanu ni, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Mo sì ń bi í ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ìdí tí kò fi mi ọwọ́ Kòfí náà. Kò tíì dá mi lóhùn. N kò ní ṣíwọ́ ìbéèrè náà nítorí kí ìdúpẹ́ yín lè dùn.

Ìyá Kòfí wà láàárín wa lónìí, lórí àga ẹ̀yìn, ẹni tó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Kò gbọ́ Yorùbá. Bí a bá jáde, ẹ má ṣe fi Faransé ṣàlàyé fún un pé kò sí ohun tí kò ní ìdí. Ẹ jókòó tì í. Bí ẹ kò bá lè jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, ẹ máa lọ sílé yín.

Ogo ni fún Ẹni tó dá mi sí. Ẹ bá mi yọ̀, mo bẹ̀ yín, nítorí pé ìyè kì í ṣe ohun kékeré. Àdúrà kan ni mo gbé wá síbí, apá méjì ló sì ní. Olúwa, o ṣeun tí mo wà láàyè. Olúwa, Kòfí dà? Ẹni tó bá lè ṣe Àmín sí méjèèjì, kó ṣe é sókè kí ìyá yẹn gbọ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ nìkan ni Àmín rẹ̀ mọ, kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́.