Tùlípù Tí Màmá Rí

Ẹ̀rín lẹ ń rín? Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀rín lẹ ń rín! Mo ní ẹ ba tùlípù mi jẹ́, ẹ ní ṣé torí òdòdó ni mo ṣe ń pariwo lórí fóònù bí ẹni tí olè jà. Ó dáa. Ẹ rín in tán ná.

Ta ló ra ápù? Ẹ̀yin kọ́? Ẹni tó ta iṣu òdòdó yẹn fún mi, tó rí róbótó bí àlùbọ́sà, ó kìlọ̀ fún mi pé ilẹ̀ tiwa gbóná jù fún un, kí n kó o sí fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá kó lè rò pé ìlú òtútù lòun wà, kí n má sì jẹ́ kí èso kankan sún mọ́ ọn, torí atẹ́gùn ara èso á pa òdòdó inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá! Ọkọ mi ò ráyè gbé ọbẹ̀ sí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó èso síbẹ̀. Ẹ̀yin dé, àlejò ọjọ́ méjì, ẹ da odidi àpò ápù sínú àpótí ìsàlẹ̀, lé iṣu òdòdó mi lórí gbọnrangandan, ẹ bá tiyín lọ. Ó di ọjọ́ kẹjọ kí n tó ṣí àpótí náà! Kí lẹ wí? Ẹ ò rí ìwé? Ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú fèrèsé! Háà, ẹ jẹ́ kí n mí.

Ẹ ṣì ń pè é ní òdòdó lásán. Èmi mọ tùlípù rí ni? Màmá ló ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òtútù kó tó bí wa. Ọjọ́ tí dókítà sọ fún un pé ojú ọ̀tún ti lọ, pé ti òsì ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sunkún, ó kàn ní, “Ká ní mo tún lè rí tùlípù pupa kan.” Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ mi láyé mi nìyẹn, Ẹlẹ́dàá mi gbọ́!

Mo gbìn ín síkòkò. Láràárọ̀ ni mò ń da omi yìnyín sí ìdí rẹ̀. Ewé yọ, ewé rẹpẹtẹ. Mo dúró de òdòdó títí, àárín ewé ṣófo. Ápù yín ti pa á sínú.

Ẹ dákẹ́ ná, n ò tíì parí. Lánàá, Màmá ní kí n mú òun lọ wò ó. Ojú ń tì mí, mo gbé ìkòkò náà síwájú rẹ̀ nínú oòrùn, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun o. Wo bó ṣe pupa!”

Ewé lásán, Bọ̀ọ̀dá! Kò sí pupa kankan níbẹ̀!

Ìgbà wo ni ojú òsì náà lọ? Àti ìgbà wo ló ti ń jókòó tì wá nídìí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń ríran? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní aṣọ mi yẹ mí!

Ẹ ò wá rín mọ́? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀yin ti rín tiyín ṣáájú.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó pupa.” Kí ni ǹ bá sọ? Ó ti wá ń pe gbogbo ará àdúgbò báyìí, ó ní kí wọ́n wá wò ó ní aago mẹ́rin. Ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà yẹn. Ẹ̀yin lẹ ni ápù, ẹ̀yin lẹ máa wá sọ fún un pé kò sí òdòdó níbẹ̀, kí wọ́n tó dé. Èmi ò lè sọ ọ́.