Wolé-wolé Tí Mo Fi Dẹ́rù Ba Ìyá Àgbà Mi

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù Kejì ọdún 1974, ni mo pa irọ́ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé e kiri. Ohun tí ìyá àgbà mi fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀ ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Yèyé, ìyá àgbà mi yìí, ló tọ́ mi ní Iléṣà. Oko kòkó rẹ̀ ló rán mi dé yunifásítì. Nígbà tí mo ríṣẹ́ ìjọba sí Òṣogbo, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ilé alámọ̀ rẹ̀ níta. Òjò máa ń mu ògiri náà, òtútù á wọlé, Yèyé á sì máa wúkọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló mọ ògiri náà, Yèyé fúnra rẹ̀ àtàwọn ìyàwó ilé ló sì máa ń fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé pa á lọ́dọọdún.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo sọ fún un pé wolé-wolé ti kọ orúkọ ilé wa sílẹ̀, pé bí a kò bá bo ògiri náà, wọn yóò wó o. Wolé-wolé kankan kò wá o. Yèyé fọwọ́ kan ògiri náà. Ó ní, "Kí wọ́n má wó ulé ọkọ mi. Ẹ bò ó."

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbìyànjú láti gbà pé nítorí ikọ́ ni. Irọ́ ni. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá mọ ilé wa, ilé náà sì ń tì mí lójú. Ilé tó sọ mí dèèyàn!

Bíríkìlà ha ògiri, ó kan ìṣó àti wáyà mọ́ ọn kí sìmẹ́ǹtì lè dì í mú, ó sì rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó lè nípọn. Yèyé kò jáde wò ó títí wọ́n fi ṣe tán.

Àmọ́ òjò dé, ògiri kò mu omi. Ikọ́ lọ. Ooru ọ̀sán gangan kò dé inú ilé mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé tí kò bá mi bínú rí. Wolé-wolé lòun ń ṣàdúrà fún. Ìyàwó ilé kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Yèyé, ẹni tó fẹ́ wólé yín lẹ̀ ń súre fún?" Yèyé dáhùn pé, "Kó máa fẹ́ wó o lọ́dọọdún. Ṣebí mò ń sùn!"

Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo bá iṣu tí Yèyé ti dì jọ àti àkùkọ kan nínú àgò. Ó ní kí n mú òun lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wolé-wolé.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé àgbàlagbà ni?"

Mo ní, "Kò dàgbà púpọ̀, Yèyé. Ó wà ní líífù, kò ní sí níbi iṣẹ́ títí di oṣù tó ń bọ̀."

Ẹ rí i bí irọ́ ṣe ń bímọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí n jẹ́wọ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé ti wolé-wolé nìkan ni kí n sọ, àbí kí n sọ fún un pẹ̀lú pé ilé rẹ̀ tì mí lójú?