Jẹ́ẹ́sì tí Àrìnpé Dá Padà

Ẹni tó bá ní òun ti gbé ọ̀rọ̀ mì kó ṣọ́ra, nítorí ọ̀rọ̀ kì í dà nínú bí oúnjẹ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Àrìnpé, télọ̀ ìlú Ìpókíá, kò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ló rìn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí àìsàn kíndìnrín ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́, ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, òun yóò gbé e wọ sàréè.

Olúwadárasími, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Ẹ̀kọ náà kò tíì dé ìdajì nígbà tí orin ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù gba ojú títì kọjá. Èbúté ni wọ́n ń lọ, kí ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ìlú méjèèjì ti fẹ́ figa gbága. Dárasími gbé ife sílẹ̀, ó lọ dúró lójú fèrèsé títí a kò fi gbọ́ orin mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọdá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àárò Nàfíù ló ń sọ ọ́, ọmọ Àjàṣẹ́ tó máa ń fun fèrè fún ẹgbẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún, tó fẹ́ fi í ṣaya tẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí nígbà tó padà wá jókòó, “èmi ni mo ṣẹ ọkùnrin yẹn. Mo bá a ṣàwàdà lórí fóònù nígbà tí ìrìn àjò tí mo fẹ́ fi lọ rí ìyá rẹ̀ ku ọ̀la, mo ní bóyá n ò ní wá. Ó jọ pé ó gbà á gbọ́. Mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run kó dárí rẹ̀ jì mí.”

Àrìnpé lè fara da kí àbúrò rẹ̀ máa sunkún. Kò lè fara da kó máa tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

“Gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀,” ló wí. “Ìwọ kọ́. Èmi ni. Má tíì dá mi lóhùn, torí bí o bá dá mi lóhùn, n ò ní lè sọ ọ́ tán.”

Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn náà ní òfin kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n dúró de ẹnìkan ní èbúté, bọ́ọ̀lù sì ti dé ìdajì kí wọ́n tó débẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá lọ mọ́ yóò dá jẹ́ẹ́sì rẹ̀ padà fún Jibril, alága wọn. Wọn kì í dúró de ẹni tó bá ti dá jẹ́ẹ́sì padà, wọn kì í sì í bi í ní ìdí. Lọ́dún tí ìjọba ti ibodè pa, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tì í, Dárasími fẹ́ bá wọn sọdá, kí Nàfíù lè mú un lọ rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ẹni tí wọ́n bá sì ti mú lọ rí ìyá, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó kù.

“Mo parọ́ fún ọ pé ọkọ̀ di ọ̀sán nítorí afẹ́fẹ́,” Àrìnpé wí. “O bá lọ dirun lọ́dọ̀ Rodiat. Mo ká jẹ́ẹ́sì rẹ lórí okùn, kò tíì gbẹ, mo gbé e lọ bá Jibril. Mo ní, ‘Dárasími ò lọ mọ́. Ẹ bá a gbé e fún Nàfíù, ó ní kó má pe òun mọ́.’ Jibril ní, ‘Ṣé kò sí wàhálà, Màmá?’ Mo ní kò sí. Àgbàyà ni mí.”

Dárasími rántí. Ó dé èbúté pẹ̀lú irun tuntun, ó bá ọkọ̀ tó ti kéré lójú omi. Ó pe fóònù Nàfíù títí, kò gbé e. Ibodè sì tì, àrùn Kòrónà tún dé lé e.

“Ọkọ mi ti lọ, n ò bímọ,” Àrìnpé wí. “Ìyá wa ní kí n tọ́ ọ, mo sì tọ́ ọ títí mo fi rò pé ara mi ni mo ń tọ́ ọ fún. Mo ń rò ó pé ta ni yóò máa kí mi káàárọ̀ nínú ilé yìí. Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Èyí tó burú jù ló kù.”

Dárasími gbé ṣíbí tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Nàfíù wá. Ibodè ṣì tì, ó gba ọ̀nà inú igbó wá lórí ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Ó ní, ‘Pádọ̀n, Ẹ̀gbọ́n. Inú ló bí mi tí mo fi ju nọ́ńbà mi nù. Ẹ jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.’ O ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ omi tí ò ń dà sára. Mo sọ fún un pé o ti lọ sílé ọkọ ní Ayétòrò, pé o ti lóyún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀kadà rẹ̀ ò tíì dé ìkóríta nígbà tí o jáde, o ní ta ló wá. Mo ní ẹnìkan tó ṣìnà ni. O ní, ‘Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn án.’ Àdúrà yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn, Dárasími. Jibril ní ó ti gbéyàwó báyìí, ó ti bímọ méjì ní Kútọnu. N ò rí i dá padà fún ọ.”

Omijé ń ṣàn sínú etí Àrìnpé, kò lágbára láti nù ún. “Bí mo bá kú, sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kí wọ́n má so ẹni tí wọ́n fẹ́ràn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ní tèmi, n ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣáà má lọ.”

Dárasími gbé ife ẹ̀kọ tó ti tutù, ó wọ ilé ìdáná lọ. Àrìnpé tẹ́tí sílẹ̀ bóyá òun yóò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Dárasími pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ẹ̀kọ ti gbóná, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe orúkọ àgbà yìí rí láì fi Ẹ̀gbọ́n síwájú. Ó bu ẹ̀kọ sí ṣíbí, ó fẹ́ ẹ kó má jó o lẹ́nu.

“Àrìnpé,” ló wí, “lanu.”

Àrìnpé lanu.